Wọ́n rán ọmọ mi lọ wàásù láàárín àwọn Navajo: kí ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 19. Ìjọ Mormon tí òun àti bàbá rẹ̀ ń lọ ti ní kó lọ ṣe míṣọ́nnárì fún ọdún méjì láàárín àwọn Íńdíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Navajo. Áńgílíkà lèmi ní tèmi. Mo ti wo fídíò títí ojú fi ń ta mí. Wọ́n ní kò sí omi níbẹ̀, wọ́n ní ọtí ti ba ìlú jẹ́, wọ́n tún ní àwọn kan wà tó ń paradà di ẹranko lóru. Ọmọ tí kì í fọ abọ́ nílé! Kí ló fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?"

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ìbéèrè méjì lẹ bi mí, àmọ́ mẹ́ta ni mo gbọ́. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí yóò máa ṣe, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kó lọ. Èyí tí ẹ kò bi, tó wà lábẹ́ méjèèjì, ni pé ṣé irú ọmọ tó kúrò lọ́wọ́ yín náà ló máa padà wá. Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe Mormon. Ìjọ mìíràn ló rán mi lọ sí agbègbè Chinle ní Arizona nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 24. Ọdún méjì ni mo ní mo fẹ́ lò, mẹ́sàn-án ni mo lò: méjì lẹ́nu ìwàásù, méje lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Àwọn ọmọ Mormon tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí orúkọ wọn wà láyà, aládùúgbò mi ni wọ́n. A jọ ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Ohun tí mo bá sọ nípa òfin ìjọ wọn, ojú ni mo fi rí i. Bó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn, bàbá ọmọ ni kí ẹ bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun tí fídíò dì. Ilẹ̀ Navajo kì í ṣe abúlé kan nínú igbó. Ó gba apá kan Arizona, apá kan New Mexico àti apá kan Utah. Bí ẹ bá kó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Oǹdó pọ̀, bó ṣe fẹ̀ nìyẹn, àwọn tó sì ń gbé orí rẹ̀ kò tó 200,000. Wọ́n ní ààrẹ tiwọn, aṣòfin tiwọn, ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá tiwọn, Window Rock sì ni olú-ìlú wọn. Láàárín ara wọn, Diné ni wọ́n ń pe ara wọn, ìyẹn "àwọn ènìyàn". Kò sí ẹni tó ń dé ìyẹ́ lórí kiri. Àkẹtẹ̀ ti àwọn darandaran àti ṣòkòtò jíǹsì lẹ máa rí, àwọn ọmọ tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ibẹ̀ ga gan-an sí òkun, nítorí náà yìnyín ń bọ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Aṣálẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn yín nínú fíìmù, òtútù rẹ̀ lè pa ewúrẹ́.

Àṣìṣe tó tóbi jù, fídíò kọ́ ló dá a sílẹ̀, àwa oníwàásù ni. A máa ń rò pé a fẹ́ lọ sọ ohun tí wọn kò gbọ́ rí fún wọn. Ọmọ yín kò ní rí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Jésù. Ní 1864, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà dáná sun oko wọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n ju 300 máìlì lọ sí ibi ìgbèkùn tí wọ́n ń pè ní Hwéeldi. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1868 kí wọ́n lè padà sílé, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ní kí wọ́n gbà ni pé àwọn ọmọ wọn gbọ́dọ̀ lọ síléèwé òyìnbó. Ìjọba wá pín àwọn ẹ̀yà Íńdíà fún àwọn ìjọ bí ẹni pín ẹran. Àwọn Presbyterian ni wọ́n fún ní Navajo. Àwọn Fransisíkánì, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, dé St. Michaels ní 1898, Presbyterian kọ́ ibùdó sí Ganado ní 1901, àwọn mìíràn dé Rehoboth ní 1903. Májẹ̀mú Tuntun wà lédè wọn láti 1956, gbogbo Bíbélì sì parí ní 1985. Tiwa tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀ parí ní 1884, ọgọ́rùn-ún ọdún àti ẹyọ kan ṣáájú tiwọn. Lónìí, àwọn pásítọ̀ tó jẹ́ Diné fúnra wọn ń ṣe ìsọjí lábẹ́ àgọ́, pẹ̀lú jìtá àti ìlù, tí ẹ bá pa ojú dé ẹ lè rò pé ìsọjí Ìbàdàn lẹ wà.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí mo dárúkọ yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Wọ́n já àwọn ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí, wọ́n gé irun wọn, wọ́n sì ń fi ọṣẹ fọ ẹnu ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Oṣù Kẹwàá 2024 ni Ààrẹ Biden ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba. Ìjọ ọmọ yín náà ní ìtàn tirẹ̀ níbẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n ń mú àwọn ọmọ Íńdíà lọ gbé lọ́dọ̀ ìdílé Mormon òyìnbó ní gbogbo àkókò ilé ẹ̀kọ́. Mo mọ àwọn tó ń dúpẹ́ fún un, mo sì mọ àwọn tí ẹnu wọn kì í lè sọ ọ́ tán. Àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí ni ọmọ yín máa jókòó níwájú wọn pẹ̀lú Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń wò ó láìsọ̀rọ̀, kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó yá, kí ni yóò máa ṣe? Lórí ìwé, ó rọrùn láti sọ. Wọ́n ń jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kàwé, wọ́n á jáde ní méjì-méjì, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá rìn. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, iná ti kú. Ọjọ́ kan wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń fọṣọ tí wọ́n sì fi ń ra oúnjẹ, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lè pe ilé. Láti 2019 ni ìjọ wọn ti gbà kí wọ́n máa pe òbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ máa rí ojú rẹ̀ lórí fóònù, níwọ̀n ìgbà tó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyẹn ni ti orí ìwé. Ní ti gidi, igi ni yóò máa là. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi igi tàbí èédú ilẹ̀ yáná. Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ní ẹ̀gbẹ́ Kayenta máa ń fún àwọn ará àdúgbò ní èédú lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ wọ́n tì í ní 2019, láti ìgbà náà igi ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Ìyá àgbà ẹni ọdún 80 tó ń dá gbé ní òpin ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kò lè gbé ààké. Ọmọ ọdún 19 méjì tó la igi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un láàárín wákàtí méjì ti wàásù, bí wọn kò tiẹ̀ ṣí Bíbélì.

Lẹ́yìn igi, omi. Òótọ́ lẹ gbọ́: nínú ilé mẹ́wàá, omi ẹ̀rọ kò dé bíi mẹ́ta. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Àgùntàn ni wọ́n ń sìn láti ìgbà pípẹ́, ilé wọn sì jìnnà síra, débi pé páìpù máìlì mẹ́ta lè jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo. Láti 1944 sí 1986, àwọn ilé iṣẹ́ kan wa nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù òkúta yuréníọ̀mù jáde nínú ilẹ̀ wọn láti fi ṣe bọ́ǹbù àti iná, wọ́n sì fi ihò tó ju 500 sílẹ̀ lọ, kànga kan sì wà tí ẹ̀dá kò gbọ́dọ̀ mu omi rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ omi lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ló dá wọn lẹ́bi ní 2023, wọ́n ní àdéhùn 1868 kò sọ pé dandan ni kí ìjọba wá omi fún wọn. Nítorí náà dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ọkọ̀ ni, ìlà níbi ẹ̀rọ omi ni, ilé ni, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo rí ìyá kan tó fi abọ́ omi kan ṣan ife, omi yẹn náà ló fi fọwọ́, èyí tó fi fọwọ́ ló gbé síwájú ajá. Kò ta á sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ pọn omi rí lọ́mọdé, ẹ mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dé ilé ẹni náà, ẹ̀kọ́ ni. Àwa, bí a bá dé ojúlé, a ó ké "Àgò onílé o!" kí a tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi níbẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ń kí kiri àgbàlá bí ẹni tó dé ọjà Ọjẹ́. Ajá mẹ́ta ló jáde, ọ̀kan sì bá ṣòkòtò mi lọ. Ìyá tó ni ilé ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó sọ fún mi pé òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun. Tiwọn, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ó jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ó máa wò. Ẹni tó bá fẹ́ rí yín yóò yọjú. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò jáde, ẹ̀yin náà ti gbọ́ èsì. Ìdákẹ́jẹ́ ni àgò tiwọn. Bọ́wọ́ wọn bá kan tiyín, ó rọ̀ bí òwú, wọn kì í fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ nàka sí nǹkan, ètè ni wọ́n ń nà sí i. Wọn kì í sì sọ̀rọ̀ òkú ní gbangba. Oníwàásù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bí o bá kú lálẹ́ òní ńkọ́?" ti tú agbo ká.

Ní ti èdè, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ibi tí àwọn òyìnbó ti ń ṣubú ni ọmọ Yorùbá ti máa ń dìde, bó bá gbọ́ Yorùbá o. Èdè olóhùn ni tiwọn. Azee' ni egbòogi, azéé' ni ẹnu. Ẹni tó ti mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀ kò ní ṣi ìyẹn gbọ́. Omi gan-an, tó ni wọ́n ń pè é, ohùn òkè. Àmọ́ ìró wọ̀nyẹn tó dà bíi pé a ń já nǹkan lọ́fun, àti ọ̀rọ̀ ìṣe wọn tó ń gbé odidi gbólóhùn pọ̀n, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá wọn jà, wọ́n sì borí. Kó kàn mọ Yá'át'ééh, ìkíni wọn, àti ahéhee', ìdúpẹ́. Oúnjẹ kò ní dà á láàmú. Ọbẹ̀ ẹran àgùntàn ni, búrẹ́dì tí wọ́n din nínú òróró, bí ìgbà tí a tẹ puff-puff pẹlẹbẹ, àti ìfun àgùntàn tí wọ́n wé mọ́ ọ̀rá tí wọ́n sun lórí iná. Àwọn ọmọ òyìnbó máa ń wò ó títí; ẹni tó ti jẹ ṣàkì nílé yín kò ní bèèrè.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń di ẹranko. Màmá, mi ò ní tú u fún yín, mi ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn Diné fúnra wọn kì í sọ ọ́, pàápàá fún àlejò. Ẹ ronú bí yóò ṣe rí kí ọmọ òyìnbó kan wọ ilé yín kó ní kí ẹ fi àjẹ́ tó wà ládùúgbò han òun. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má bèèrè, kó má sì fi ṣe àwàdà. Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn wà láàyè, onísẹ̀gùn wọn tí wọ́n ń pè ní hataałii ń ṣe ètùtù tó lè gba òru mẹ́sàn-án, ẹni tó lọ síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé sì lè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ bí í nínú ìdílé tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti jọ ń jẹ sààrà, ìyẹn kò yẹ kó yà yín lẹ́nu. Ní ti ọtí, òfin wọn kò gbà kí wọ́n tà á ní ibi tó pọ̀ jù lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn ìlú tó wà lẹ́bàá ẹnubodè, bíi Gallup, ló ń tà á, ibẹ̀ sì ni fídíò ti máa ń ya àwòrán. Wàhálà rẹ̀ wà, ó sì pọ̀. Àmọ́ àwọn tí kò fẹnu kàn án rí pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí aráyé gbà gbọ́ lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọmọ yín kò sí nínú fídíò kankan. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà: òkùnkùn biribiri, ẹṣin tó dúró sójú títì, ẹrẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ mì lẹ́yìn òjò. Èkejì ni eku. Ní 1993, àìsàn kan tó ń pa èémí mọ́ni nínú bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè yẹn, hantavirus ni wọ́n ń pè é, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń wá. Bí wọ́n bá fún wọn ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbé fún ìgbà díẹ̀, kó ṣí fèrèsé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fi omi tí wọ́n po bílíìṣì (bleach) mọ́ rin ìgbẹ́ náà dáadáa, kó fi bébà nù ún. Kó má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kó tún èyí kà fún yín lórí. Ẹ̀kẹta ni ìdánìkanwà, òun ló mú mi jù. Ẹnì kan péré ló wà pẹ̀lú ọmọ yín láti àárọ̀ dalẹ́, òun kọ́ ló sì yàn án. Bí wọn kò bá mọwọ́ ara wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó lè pààrọ̀ wọn máa ń gùn. Nǹkan kékeré kan tí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí: ilẹ̀ Navajo ń sún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Arizona tó yí i ká kì í sún un. Oníwàásù kan wá bá wa láti Flagstaff lọ́dún kan, ó ní aago mẹ́wàá lòun máa dé, aago mẹ́wàá tirẹ̀ náà ló sì dé. A ti jẹ àgùntàn tán. Ẹ bi ọmọ yín, aago èwo, kí ẹ tó máa sunkún pé kò pè.

Ṣé wọ́n máa gba ọmọ dúdú? Wọ́n ní orúkọ fún wa, Naakaii Łizhinii. Àwọn ọmọdé á fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ tí kò dáa lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ sí mi ní ilé epo, n kò gbàgbé. Àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wo òyìnbó tó mú Bíbélì dání, ojú yẹn kọ́ ni wọ́n fi wò mí, mo sì jẹ nínú oore yẹn láìṣiṣẹ́ fún un.

Kó lọ àbí kó má lọ? Ọmọ ọdún 19 ti dàgbà lójú òfin. Àdúrà àti ìmọ̀ràn ló kù lọ́wọ́ yín. Ìjọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí míṣọ́nnárì yan ibi tí yóò lọ. Ó lè sọ pé òun kò lọ, ó lè ní kí wọ́n sún un síwájú, kò sì sí ìtìjú nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé nítorí bàbá rẹ̀ ló fi ń lọ, kó dúró. Ilẹ̀ yẹn kò dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìyà rẹ̀ á sì kan àwọn tó bá lálejò. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ, mo rò pé kí ẹ jẹ́ kó lọ. Mi ò ṣèlérí pé yóò yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Èmi kò rò pé mo yí ẹni mẹ́ta lọ́kàn padà lọ́dún méjì náà, èmi fúnra mi sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tó máa padà wá máa yàtọ̀. Á máa dákẹ́ jù bó ṣe ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀, á sì máa pa ẹ̀rọ omi bí ẹni pé òun ló ń san owó rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ní Lukachukai, mo lọ kí ìyá kan tó ń hun ẹní onírun àgùntàn. Ó ní kí ọmọ-ọmọ òun bi mí pé ta ni mí. Mo sọ orúkọ ìjọ mi àti iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó ń hun nǹkan rẹ̀ lọ. Ọmọ náà bá ṣàlàyé fún mi pé ìyẹn kọ́ ni ìyá béèrè. Ní ọ̀dọ̀ wọn, bí èèyàn bá sọ pé òun jẹ́ ẹnì kan, ìran mẹ́rin ló máa kà: ti ìyá rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti bàbá ìyá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀. Mo ní ìyá mi jẹ́ ọmọ Olúkòyí, ìran jagunjagun. Mo ní bàbá mi jẹ́ Òpómúléró, pé bí wọ́n bá ń kì wọ́n, aṣọ ni wọ́n máa ń kì. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀. Ìyá dáwọ́ dúró, ó sún lórí awọ àgùntàn tó jókòó lé, ó nawọ́ òòyà tó fi ń tẹ òwú mọ́lẹ̀ sí mi. N kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, ó sì tú gbogbo ohun tí mo tẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ. Ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní bóyá ó mọ orílẹ̀ bàbá rẹ̀. Kí ẹ tó kọ́ ọ ní ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ ní tiyín, nítorí ti ìyá ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í.